Olùkọ́ Tó Kọ́ Wa Látorí Ibùsùn

Ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́mọ níwèé, obìnrin kan tó ní làkúrègbé ló kọ́ wa. Màdáàmù la máa ń pè é. Oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ti wú, àwọn ìka rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, orúnkún rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó tètè dìde. Bó bá fẹ́ dìde lórí àga, á kọ́kọ́ dákẹ́, á di etí tábìlì mú, àwa náà á sì dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀.

Kò lè di ẹfun mú pẹ́, nítorí náà àwa la máa ń bá a kọ̀wé sí pátákó. Òun á jókòó, á máa pe ọ̀rọ̀ Faransé náà jáde yékéyéké, ẹni tó bá pè síwájú á máa kọ ọ́. Kì í pe àwọn tó mọ̀wé nìkan. Èmi tí ìwé mi dà bí ibi tí adìyẹ ti tanlẹ̀, ó ń pè mí. Bí mo bá ṣì í kọ, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Ọwọ́ tìrẹ ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu. Lò ó dáadáa."

Ọmọdé ò mọ ọ̀rọ̀ tí à ń bò. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an, mo nawọ́ sókè, mo ní, "Màdáàmù, ṣé ó ń dùn yín?" 

Ó wò mí. "Ó ń dùn mí. Ó dùn mí lánàá, á sì dùn mí lọ́la. Ẹ ṣí ìwé yín."

A ṣí ìwé wa. Láti ọjọ́ náà, a ò bẹ̀rù àtiwo ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Kì í ṣe áńgẹ́lì o. Àárọ̀ mìíràn wà tó máa ń kanra mọ́ wa lórí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ká tó lọ sílé, á pe ẹni tó jágbe mọ́, á ní, "Ìrora ló sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe èmi. Má bínú." Ní gbogbo ìgbà èwe mi, n kò rí àgbàlagbà mìíràn tó bẹ ọmọdé bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò sẹtifíkà tí a fi ń jáde ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ku díẹ̀, òjò bẹ̀rẹ̀, làkúrègbé náà sì dá a dùbúlẹ̀. A dé kíláàsì, àga rẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá ilé-ìwé ní ká lọ fún ara wa pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Lọ́jọ́ kejì, Màdáàmù ránṣẹ́ pé bí a bá ti jáde, ká wá sílé òun, lẹ́yìn ọjà Ouando.

Ọkọ rẹ̀, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì, ló tẹ́ ẹní fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màdáàmù ti ní kí wọ́n ti ibùsùn òun sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá. Ilẹ̀kùn yàrá náà, tí wọ́n ṣí sóde, la fi ṣe pátákó. Bí ìrora bá dé, ohùn rẹ̀ á dá láàárín gbólóhùn, a ó sì dúró. Bó bá kọjá, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti dúró gan-an.

"Ìyá wọn, sinmi díẹ̀ ná," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ẹ ṣeun, Bàbá wọn. Bí mo bá sinmi, ṣé ìrora náà á bá mi sinmi ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí, ó lọ bu omi wá fún wa. Nígbà tí a padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti fúnra rẹ̀ nu ilẹ̀kùn náà dè wá.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ìdánwò fi dé. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ló yege. Lọ́jọ́ tí èsì jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la kọ́kọ́ gbà lọ. Ó ti lè jókòó. Ó bá wa yọ̀ díẹ̀, ó wá béèrè àwọn tí kò yege, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní gbogbo ìgbà ìsinmi.

Oníṣòwò ni mí báyìí, aṣọ ni mò ń kó gba ẹnubodè Kraké. Màdáàmù ti di opó, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Avrankou. Mo lọ kí i láìpẹ́ yìí. Bí mo ṣe ń fi òrí pa á lọ́wọ́, mo ní, "Màdáàmù, ẹ lágbára o. Ẹ ò sunkún lójú wa rí."

Ó ní, "Ọmọ mi, balùwẹ̀ ni mo ti máa ń sun ún, láràárọ̀, kí n tó wá bá yín. Mo fẹ́ kó o mọ̀, kó o má baà rò pé irin ni mí."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo rò pé wọ́n bí ìgboyà mọ́ ọn ni, bí wọ́n ṣe ń bí ohùn dídùn mọ́ ẹlòmíràn. Àṣé ńṣe ló ń wá ìgboyà náà láràárọ̀.

"Ṣé ọwọ́ mi ò le jù?" ni mo bi í.

"Ó dáa. Rọra níbi àtàǹpàkò."

Mo rọra. Ọmọ rẹ̀ gbé ẹ̀kọ àti ẹja díndín wá, a sì jọ jẹun títí oòrùn fi rọlẹ̀.