Oògùn ikọ́ Màmá, oorun Sàídì

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìyá tó bí mi o!

Mo lọ kí Màmá ní Ọjà-Ọ̀dàn lọ́sàn-án yìí. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti bá Sàídì, ọlọ́kadà tó máa ń gbé wọn lọ sóko. Ó gbórí lé táǹkì ọ̀kadà, ó ń hanrun.

"Màmá, kí ló ṣe Sàídì?"

"Ó ń wúkọ́ ni. Mo fún un nínú oògùn ikọ́ tí dókítà kọ fún mi."

"Ṣíbí mélòó?"

"Ṣíbí kẹ̀? Géńdé bẹ́ẹ̀! Mo ní kó gbé ìgò sẹ́nu."

"Ife kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ńkọ́?"

"Òun ni mo fi ń bomi fún àwọn òròmọdìẹ."

Mo gba ìgò náà wò. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìgò pé ó máa ń múni sùn, pé ẹni tó bá mu ún kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀.

Kíá la gbé Sàídì lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ò ní jẹ́ kó lọ títí ojú rẹ̀ á fi dá.

Mo wá bi Màmá pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti lò ó?"

"Rárá o. Mo ní kí n kọ́kọ́ wo bó ṣe máa ṣe Sàídì ná."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé èmi nìkan ni mo ní irú ìyá yìí ni?