Amplifáyà Tí Kì í Sọ̀rọ̀

Lẹ́yìn ìsọ̀ tí Alájì Sàkàrìyáù ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Pleasure l'Ékòó, yàrá kékeré kan wà tí páìpù rọ́bà kún inú rẹ̀ bí ìfun ẹran. Ganiyat, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń lò ó. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni Ganiyat kà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ló gbà á lọ́kàn.

Ó kọjú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì síra wọn, ó fi àlàfo díẹ̀ sáàárín. Atẹ́gùn á jáde láti ẹnu ọ̀kan, á lọ tààrà sínú èkejì, á sì ṣí ọ̀nà fún omi. Bí èémí lásán bá kọ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, á dàrú, á fọ́n ká bí èrò tó gbọ́ pé ejò wọlé. Ọ̀nà omi á sì tì: bí táǹkì bá ti kún, omi á ti irú èémí bẹ́ẹ̀ lù ú láti inú páìpù kẹta. Amplifáyà ni àwọn onímọ̀ ń pè é, nítorí pé agbára kékeré ibẹ̀ ló ń darí ńlá.

Orúkọ yẹn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un: "Bí ẹnikẹ́ni ò bá gba nǹkan yìí lọ́wọ́ ẹ di Jímọ̀, ọmọ oní-POS ni mo máa fún ní yàrá yẹn. Atẹ́gùn ti sú mi."

Ganiyat sáré lọ bá Alájì Abdulganiyy, alága mọ́ṣáláṣí wọn ní Ìgandò, níbi tí táǹkì àlùwàlá ti máa ń kún àkúnya, tí ẹrẹ̀ á gba àgbàlá kan.

"Alájì, mo ní amplifáyà kan tí kì í lo iná rárá…"

"Tí kì í lo iná! Gbé e wá ní Jímọ̀, ọmọ mi!"

Ní Jímọ̀, Ganiyat gbé e dé, pẹ̀lú túbù táyà tírélà tó rọ atẹ́gùn kún. Bàbá rẹ̀ ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń sin òkú. Ganiyat so ẹ̀rọ náà mọ́ táǹkì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ni ládàánì, Alfa Khalid, bá dé, tó ti fi omi gbígbóná la ọ̀fun.

"Ganiyat, ẹnu ẹ̀ dà?"

"Ẹnu kí ni, Alfa?"

"Ẹnu amplifáyà, jàre! Ibi tí mo máa fọhùn sí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Alfa, ti omi ni. Kì í ṣe ti ohùn."

"Àkùkọ tí kì í kọ nìyẹn ṣá!"

Alfa dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ìpè ìrun dán ohùn wò bí ẹni fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ní Egan. Omi dá wáí. Ó dákẹ́, omi ṣàn. Ó tún ké, omi tún dá. Ganiyat mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: atẹ́gùn tó ń lọ jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fara da ariwo.

"Táǹkì ò tíì dé ìdajì, ó ní ó ti kún," Alájì Abdulganiyy wí. "Òpùrọ́ ni."

"Kì í purọ́ o," ni Mọ̀dínátù tó ń gbá ẹrẹ̀ dáhùn. "Ó ń dákẹ́ gbọ́ ìpè ìrun ni. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run jù yín lọ!"

Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Sàkàrìyáù. Ó ṣí fìlà àrán orí rẹ̀, tó nípọn bí tìmùtìmù, ó fi bo ẹ̀rọ náà.

"Ganiyat, dì í, ká máa lọ. Ìtìjú yìí tó."

Ṣùgbọ́n àkókò ìrun ti tó lóòótọ́, Alfa sì tún gbóhùn sókè. Omi kò dá. Ó ké títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Omi ń ṣàn, táǹkì kún dé ẹnu, omi sì dúró fúnra rẹ̀.

Sàkàrìyáù nawọ́ sí fìlà rẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ganiyat àti Alájì Abdulganiyy ké pọ̀.

Bàbá kírun láìdé fìlà. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ oní-POS wá wo yàrá.

"Yàrá wo?" Sàkàrìyáù bi í. "O ò rí i pé èmi àti ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni? Máa lọ, jàre."

Ganiyat rọra sọ̀rọ̀: "Bàbá mi, fóòmù lásán á dínà ariwo bíi ti fìlà yẹn."

"Fóòmù kẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí? Fìlà ló máa dé!"