Òòfà Inú Dínámò Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìfọ̀nyìn, lódìkejì bodè Nàìjíríà, láyé ìjọba Rẹfolusíọ̀n, kámárádì ni gbogbo ènìyàn ń pe ara wọn, àti mẹ́tìrì tó ń kọ́ wa nílé ìwé àti ẹni tó ń ta ẹ̀kọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí ìgbà tí wọ́n ti bodè pa. Láti Nàìjíríà ni epo àtùpà wa ti ń wá, nítorí náà bí oòrùn bá ti wọ̀, ilé ṣú nìyẹn. Èmi sì ní ìdánwò sẹ̀tífíkà níwájú, èyí tí a fi ń jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyá bàbá mi ti sọ ọ́ pé bí èmi Ráfíátù bá fìdí rẹmi, ìwé parí, ó di ìdí ìkòkò gàrí.

Bàbá mi, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ní òun yóò fi dínámò kẹ̀kẹ́ òun tan iná fún mi. Ó tú u sórí ẹní, ó nu ún, ó fi òòfà inú rẹ̀ hàn wá, irin róbótó kan tó ń fa ìṣó mọ́ra. Ó ní agbára kan yí i ká tí ojú kò rí. Bí òòfà náà bá ń pòòyì láàárín wáyà bàbà, agbára yẹn ló ń di iná. Èmi rò ó mọ́ eré wa tí a máa ń yí po títí òòyì yóò fi kọ́ wa.

Lọ́jọ́ kejì, òòfà di àwátì. Bàbá mi kì í na ọmọ, ṣùgbọ́n ó ní kí èmi àti àwọn àbúrò mi kúnlẹ̀, kí a na ọwọ́ sókè, títí ẹni tó fi ṣeré yóò fi jẹ́wọ́. Orí ìkúnlẹ̀ la wà tí ìyá mi fi ti ọjà Lagbé dé. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ gàrí kalẹ̀, ó ní kí n yọ agolo ìwọngàrí. Mo fà á, agolo kò kúrò nídìí apẹ̀rẹ̀. Bàbá mi tọwọ́ bọ abẹ́ apẹ̀rẹ̀, ó fa òòfà yọ nínú àkísà.

Ìyá mi wolẹ̀. “Bàbá Ráfíátù, ẹ̀yin lẹ pè é ní òòfà. Mo ṣebí òòfà èrò ni.”

Òòfà èrò ni oògùn tí àwọn ọlọ́jà kan máa ń fi sábẹ́ igbá kí èrò lè wọ́ wá.

“Ó sì fa èrò?” Bàbá mi ló béèrè.

“Ẹ wo apẹ̀rẹ̀ náà. Ó ku nǹkan kan ńbẹ̀?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní kí a dìde. Ó wá sọ fún ìyá mi pé, “Òòfà tó jókòó kì í tan iná. Ẹni tó gbé e ni yóò máa yí i.”

Ó dá òòfà padà sínú dínámò, ó dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á jókòó tì í, á máa fọwọ́ yí i, táyà á máa kùn bí oyin, iná á sì mọ́ sójú ìwé mi. Bí ó bá ń tòògbé, iná á pọ́n, èmi á wúkọ́ láti jí i. Bàbá mi ń pè é ní Kámárádì Dínámò. Mo yege.

Lónìí, iná oòrùn wà lórí òrùlé wa. Àwọn ọmọ mi ń fi hàn mí nínú fóònù pé lọ́jọ́ kan òòfà yóò máa pòòyì fúnra rẹ̀, yóò sì máa pèsè iná láìsí ẹni tó tì í. Ọgbọ́n wọn wù mí, mo sì ń gbàdúrà kí ojú wa rí i. Ṣùgbọ́n iná tí èmi fi kàwé, mo mọ apá tó yí i.