Ilé Ọ̀rá Tí Àna Mi Kọ́ fún Ọ̀pẹ

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ti òkè òkun dé láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, ó wo ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbà, ó ní àwọn ọ̀pẹ tí àbúrò òun fi sílẹ̀ nílò ilé ọ̀rá, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ fún òdòdó níbi tí òun ń gbé, kí ara wọn lè móoru.

Kí ara wọn lè móoru. Ní Ìbà. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọ̀pẹ inú ìkòkò ni mò ń sọ, èyí tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Òkòkòmáíkò ń pè ní pámù. Ìyàwó mi ló kó wọn jọ. Ó ri ọparun mọ́lẹ̀, ó ta nẹ́ẹ̀tì dúdú lé e kí oòrùn má baà jó wọn, àràárọ̀ ló sì ń fi akísà tútù nu ewé wọn. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn bá mi pín aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀pẹ. Èmi ni mo wá ń nu ewé. Tí wọ́n bá kú, kò tún sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbìn tó ṣì ń dàgbà nínú ilé yìí.

Mo mọ̀ pé ooru ọ̀rá yóò pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ fún ni, ikú ìyàwó kò sì gbé ìyẹn kúrò. Mo ti hu irùngbọ̀n kí n tó wọ ilé ìwé. Wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ pé ewéko ń mí. Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ fún àna pé ó fẹ́ sè é.

Ó lọ sí Àlàbá, ó ra ọ̀rá nínípọn tó mọ́ gaara. Ó gun àkàbà fúnra rẹ̀, ó yọ nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọ̀rá bo orí ọparun àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó dúró sínú rẹ̀, òógùn ń dà lójú rẹ̀ títí tó fi yọ awò ojú rẹ̀.

"Àna mi, ẹ wọlé, ẹ wò ó."

Mo wọlé. Ó rí bí inú ìkòkò mọ́ínmọ́ín.

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Ó ń ṣiṣẹ́."

"Mo sọ fún yín."

Kò pẹ́ tí etí ewé fi pọ́n. Ó ní ilé tuntun ni kò tíì mọ́ wọn lára.

Mo bá ṣe bí àna tó mọ ẹ̀kọ́. Láàárọ̀, tó bá ti jáde lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ àti Ìjànikin, mo máa ká ọ̀rá sókè, mo máa ta nẹ́ẹ̀tì padà. Tí wọ́n bá pe ìrun alásárì, mo máa ká nẹ́ẹ̀tì kúrò, mo máa fa ọ̀rá wálẹ̀. Ara àwọn ọ̀pẹ bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ọ̀kan tilẹ̀ yọ ọ̀mùnú. Àna mi ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí òkè òkun.

"Ká ní àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ mi ni, ì bá ti kọ́ ọ tipẹ́."

"Kì í sábà béèrè nǹkan," ni mo wí.

Lọ́jọ́ kan, ó dé ṣáájú alásárì. Ọ̀rá wà ní kíká lókè bí ẹní, èmi sì wà lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì, mò ń nu ewé. Ó fa àpótí ìjókòó ìyàwó mi, ó jókòó.

"Ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń ká a?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ sì ń dá a padà kí n tó dé."

"Kó má baà dà bíi pé mo kọ iṣẹ́ yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ooru ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dákú lọ́jọ́ tí mo kọ́ ọ. Ojú ló ń tì mí láti sọ." Ó wo ọ̀mùnú náà. "Mi ò lè wá síbi ìsìnkú àbúrò mi. Mo ní kí n ṣáà ṣe nǹkan kan fún un níbí."

Mo na akísà sí i. Ó ń nu ewé bí ẹni ń nu gíláàsì mọ́tò. Ó ya ọ̀kan.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Àna mi, ẹ yéé parọ́ fún mi."

Mo bá fi hàn án: ọwọ́ òsì lábẹ́ ewé, akísà lókè, láti ìdí lọ sí ṣóńṣó, bí àbúrò rẹ̀ ṣe ń ṣe é.