Ata Tí Bàbá Mi Já

Òórùn ata tútù ló gbé mi padà sóko wa. Ọmọkùnrin mi ló já a wọlé lónìí, pípọ́n àti àìpọ́n, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ṣiṣẹ́.

Lọ́dún tí wọ́n ti bọ́dà pa, ìyá mi há sí apá Ìlárá tó wà ní òdìkejì bọ́dà, níbi tó ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Òun ló máa ń já ata oko wa. Bàbá kì í fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ata fẹ́ rà sórí igi, Bàbá gbé agbọ̀n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tẹ̀ lé e. Ó ń tẹ ata níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn wọn bí ẹni tó ń ra ẹja. Síbẹ̀, ìdajì ohun tó já ló dúdú bí ewé.

“Bàbá, èyí ò tíì pọ́n o.”

Ó gbé méjì sórí àtẹ́lẹwọ́, ó wò wọ́n títí. “Ìkan náà ni wọ́n lójú tèmi, Àbẹ̀ní.”

Mo rò pé ẹkún tó ń sun nítorí ìyá mi ló ba ojú rẹ̀ jẹ́.

“Ìwọ máa já a,” ó ní, “èmi á gbé agbọ̀n.”

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, ìyá mi dé, ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, kò bi mí ní nǹkan kan.

Dókítà tó yẹ ojú ọmọ mi wò láìpẹ́ yìí sọ pé irú ojú bẹ́ẹ̀, tí kì í dá àwọ̀ pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, máa ń gba ara ọmọbìnrin kọjá láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ sára ọmọkùnrin rẹ̀, láìṣe ọmọbìnrin náà ní nǹkan kan.

Mo pe ọmọ mi padà sídìí ata. “Gbé agbọ̀n,” mo ní, “èmi á máa já a.”