Kúbùsù Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Zelma Kò Lè Gbé Jáde

Ẹ̀gbọ́n mi Zelma ò sùn síta rí láti ọjọ́ tí a ti sin Bùọ̀dá wa Orrin. Akéwì ni Bùọ̀dá, gbogbo Amẹ́ríkà ló mọ orúkọ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìpíngún rẹ̀ pé kí Zelma máa gbé ilé òun ní Vermont, kó máa ṣọ́ ìwé òun, kí pépà kankan tí òun fọwọ́ kọ má sì jáde títí yunifásítì yóò fi wá kó wọn. Zelma bá di ọdẹ aṣọ́lé. Nígbà òtútù, kì í dáná sítòsí ìwé wọ̀nyẹn. Nígbà tí ọkọ mi kú, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ló ti dágbére fún mi, ó ní ilẹ̀ ń ṣú, ìwé wà nílé.

Kúbùsù rírán ló fi ń pa ìrònú rẹ́. Bí ìyá wa ṣe kọ́ wa ni: a ó gé pépà, a ó ká àjákù aṣọ mọ́ ọn, a ó rán wọn pọ̀ létí, ìgbà tí iṣẹ́ bá parí la tó ń yọ pépà. Èyí tí Bùọ̀dá bá kọ tí kò dùn mọ́ ọn, tó bá jù nù, òun ni Zelma ń gé. Gáùn Netta, ọmọ Zelma kan ṣoṣo tó kú ní kékeré, ló wà láàárín kúbùsù náà.

Yunifásítì wá dé lóṣù kẹwàá. Wọ́n ń kó àpótí sínú ọkọ̀. Èmi náà dé láti mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé mi, ká jọ máa darúgbó. Ó gbé kúbùsù lé apá.

"Idella, gbé báàgì mi. Bí mo bá tún rí pépà lójú, màá fi dáná yá!"

Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist, ọ̀gá àwọn tó ń kó ẹrù, yíjú. "Mà, kí ló ń dún nínú kúbùsù yẹn?"

Ọ̀gbẹ́ni náà yí inú rẹ̀ síta, níbi tí Zelma kò tíì yọ pépà kúrò. Ìkọ̀wé Bùọ̀dá ló kún ibẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n yọ ọ́," ni Zelma wí. "Ẹ mú pépà yín, kí n mú aṣọ mi."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o, mà! Bó ṣe wà yẹn ló níye lórí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ, àbí kó wà nílé yìí pẹ̀lú yín, bí ìwé ìpíngún ṣe wí."

Inú bí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn jàre! Bùọ̀dá ti kú, ó ṣì ń rán yín níṣẹ́!"

"Ìgbà wo ni kò rán mi níṣẹ́ rí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ́ ibi tí gáùn Netta wà lára kúbùsù sórí itan rẹ̀, ó jókòó padà.

Ọdún méjì ló tún lò nílé náà. Bó bá ti yíra padà lórí ibùsùn, pépà á máa dún. Ọjọ́ kejì ìsìnkú rẹ̀ ni wọ́n wá gbé kúbùsù lọ. Báàgì rẹ̀ ṣì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo tú u, mo bá bàtà tuntun tó rà fún ìrìnàjò wa, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀.

Mo wọ̀ ọ́ lọ sílé.