Kí A Tó Dé Orí Òkè

Mo ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí mo fi wá àyè ẹ̀kọ́ gíga pé mo lè dín eré mólékù kù. Gbólóhùn yẹn gan-an ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba lẹ́tà náà dì mú. Ó ní kí n ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, kí n fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ mí lọ́wọ́, nínú yàrá mi ní Ìkàrẹ́.

Amóníà ni mo yàn, afẹ́fẹ́ tó ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀. Iná tó wà lára mólékù rẹ̀ kò pín dọ́gba, nítorí náà, bí a bá tan iná sáàárín irin méjì, agbára iná náà lè dúró níwájú rẹ̀ bí òkè. Bí mólékù ṣe ń gòkè ni eré rẹ̀ ń dín kù. Kó tó sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì, a ó pa iná. Òkè á pòórá, eré tó ti sọnù kò sì ní padà. A ó wá gbé òkè mìíràn síwájú rẹ̀, àti òmíràn.

Nínú ìṣirò mi, orí òkè gan-an ni mo ti ń pa iná, nítorí ibẹ̀ ni eré ti dín kù jù. Ẹgbẹ̀rún mólékù wọlé, mẹ́rin péré ló jáde. Mo tún ìṣirò yẹ̀ wò títí di àárọ̀ Ọjọ́rú, n kò rí àṣìṣe kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bóyá kí n kọ̀wé pé mo ti ṣèlérí ju agbára mi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ sí Ọ̀kà láti bá Màmá àgbà, ìyá ìyá mi, ru iṣu. Ẹ̀yìn òkè àpáta ni oko rẹ̀ wà. Òun àti obìnrin mẹ́ta mìíràn ló jọ ń lọ. Bí a ṣe ru iṣu ń bọ̀, ó bi mí ohun tó ń dà mí láàmú, mo sì ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣe é. Ó kù díẹ̀ ká dé orí òkè, òkúta pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń sọ ẹrù sí. Èmi ni mo ṣíwájú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dé òkè tán ká tó sinmi. Obìnrin kan ní ìwé ti mú ọrùn mi le.

Màmá àgbà ò rẹ́rìn-ín. “Sọ ẹrù ẹ. Tó bá jẹ́ orí òkè la ti ń sinmi, ẹni tó ṣíwájú á ti máa sáré sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní bá wa mọ́.”

Mo sọ ẹrù mi. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé àwọn mólékù tó ṣíwájú ti ń kọjá orí òkè kí n tó pa iná, wọ́n sì ń gba eré wọn padà. Bí mo bá pa á ṣáájú, ẹni tó ṣíwájú á ti gòkè jù, á pàdánù eré jù. Ẹni tó wà lẹ́yìn á pàdánù díẹ̀. Wọn á wà pọ̀. N kò sọ pé òkè Ọ̀kà mọ físíìsì. Òkè àpáta kì í pòórá. Ṣùgbọ́n ẹyọ mólékù kan ṣoṣo tó wà láàárín ni mo ti ń ṣírò fún, n kò ro ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sún ibi ìpaná wálẹ̀. Òkè kọ̀ọ̀kan kò dín eré kù tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, nítorí náà mo fi òkè púpọ̀ kún un. Nígbà tí iná ilé lọ, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún mólékù tó jáde, wọ́n sún mọ́ra, ṣùgbọ́n eré wọn ṣì pọ̀ díẹ̀. Nínú lẹ́tà tí mo fi èsì náà sí, mo yí gbólóhùn mi àtijọ́ padà, mo kọ pé orí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ti ṣe é, àti pé n kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi ránṣẹ́.

Màmá àgbà pè mí nírọ̀lẹ́, ó bi mí bóyá àwọn nǹkan mi ti dúró.

“Wọn ò tíì dúró, Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń rìn pọ̀.”

“Ó dáa. Fi òkè kún un.”

Mo tún kọ̀ǹpútà tàn.